Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Ṣe Ọ̀gá: Ẹni Tí Ó Mọ Eré, Tàbí Ẹni Tí Ó Mọ Owó?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka, tí àwọn ìgbìmọ̀ ní kí a tẹ̀ jáde nítorí àwọn tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà)

    

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa, òun ni àwọn ìgbìmọ̀ sì ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn kan ń sọ pé bí wọ́n bá ti fi ẹni tí ó ti ẹnu iṣẹ́ wa dìde ṣe máníjà, ìyà tán nìyẹn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ pé bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, kí ni a tún ń dá owó ẹgbẹ́ sí? Ní gáréèjì, ẹ óò gbọ́ tí awakọ̀ kan yóò ní, "Bí ó bá jẹ́ pé awakọ̀ ni ọ̀gá wa ni, kò ní sọ pé kí n wa mọ́tò tí bíréèkì rẹ̀ kò dáa." Nínú fákitírì, ẹ óò gbọ́ tí ẹlòmíràn yóò ní, "Ọkùnrin yìí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí láyé rẹ̀, òun ni ó wá ń sọ iye tí ó yẹ kí á ṣe lójúmọ́." Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò pé, ibi tí ó kù sí ni mo fẹ́ fi hàn yín.

N kò ní fi ilé iṣẹ́ tiwa ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi òwe bá òun wí. Ọ̀nà jíjìn ni mo ti fẹ́ mú un wá, láàárín àwọn kọ́ńpìnnì tí ń ṣe eré orí tábìlì ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, àríyànjiyàn yìí gan-an ni wọ́n ti ń bá ara wọn ṣe fún àádọ́ta ọdún: ṣé eléré ni ó yẹ kí ó jókòó sórí àga ọ̀gá ni, àbí oníṣòwò tí ó kàwé owó?

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé eré ọmọdé ni. Àgbàlagbà ni ó ń ṣe eré wọ̀nyí, bí àgbàlagbà ti ń ta ayò tí ó sì ń ta dráàfù lábẹ́ igi níhìn-ín. Òmíràn nínú wọn, ìtàn ni a ń pa: ẹnì kan ni ó ń darí ìtàn, àwọn yòókù a máa ṣe bí jagunjagun àti bí oṣó, dáìsì ni yóò sì sọ bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe yọrí. Òmíràn, káàdì ni. Òmíràn, àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí a fi ike ṣe ni, tí oníbàárà yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ tí yóò sì kùn ní ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ẹni kan ni ó ń da ike náà sínú ẹ̀rọ, ẹni kan ni ó ń tẹ ìwé, ẹni kan ń dì í sínú páálí, awakọ̀ kan ń fi lọ́rì gbé e. Oúnjẹ òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Bí a bá fi ayò ṣe àpèjúwe rẹ̀, yóò yé wa. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò mọ ayò ta, bí ó bá fẹ́ gbẹ́ ọpọ́n ayò, ó lè gbẹ́ ojú méje sí apá kan, kí ó gbẹ́ márùn-ún sí apá kejì, kí ó sì sọ pé méjìlá ṣáà ni. Ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ayò ta dáadáa, tí kò mọ iye tí ó ra igi, tí kò mọ iye tí ó yẹ kí ó ta ọpọ́n, òun náà yóò gbẹ́ ọpọ́n tí ó rẹwà, ebi yóò sì pa òun àti ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn kọ́ńpìnnì wọ̀nyí gan-an nìyẹn.

ÀWỌN TÍ WỌ́N MỌ ERÉ

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Gary Gygax ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni ó ti ń ṣiṣẹ́, títí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1970. Lẹ́yìn náà, ó ń tún bàtà ṣe nínú ilé rẹ̀ kí òun àti ìdílé rẹ̀ lè jẹun. Ṣùgbọ́n eré ogun orí tábìlì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní 1973, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Don Kaye dá kọ́ńpìnnì kan sílẹ̀ tí a wá mọ̀ sí TSR, ẹnì kọ̀ọ̀kan mú 1,000 dọ́là wá. Ẹnì kẹta, Brian Blume, mú 2,000 dọ́là wá kún un. Ní 1974 wọ́n gbé eré Dungeons & Dragons jáde, èyí tí Gygax àti Dave Arneson jọ ṣe. Ẹgbẹ̀rún kan péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, inú ilé ni wọ́n sì ti ń fi ọwọ́ tò ó sínú páálí.

Eré náà tà. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ilé iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ti gba òṣìṣẹ́ tí ó ju 300 lọ. Ṣùgbọ́n Don Kaye ti kú ní 1975, agbára sì ti wà lọ́wọ́ Gygax àti Brian Blume, pẹ̀lú Kevin Blume tí òun àti Brian jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Owó ń wọlé, wọn kò mọ bí a ti ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ń gba mọ̀lẹ́bí síṣẹ́. Wọ́n ra ilé iṣẹ́ tí ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ iṣẹ́ ọnà, tí kò bá eré tan rárá. Nígbà tí ó di 1983, ọjà kò yá tó bí wọ́n ti rò, gbèsè dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé gbélé-ẹ fún òṣìṣẹ́. Àwọn tí wọ́n ń di páálí ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ gbèsè tí wọn kò jẹ.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Arneson tí ó bá Gygax ṣe eré náà, eléré bíi tirẹ̀, ní láti pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1979 nítorí owó ẹ̀tọ́ tí ó yẹ kí ó máa bọ́ sí i lọ́wọ́. 1981 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ní "a jọ ń ṣe eré kan náà ni" kò sọ pé òun kò ní jẹ ẹ́ lówó.

Àwọn àgbà ní mọ̀jà-mọ̀sá ni ti akínkanjú, akínkanjú tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni ogun ń gbé lọ. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí mọ eré, wọn kò mọ owó. Ogun gbèsè gbé wọn.

ÀWỌN TÍ WỌ́N MỌ OWÓ

Ní 1985, Gygax wá obìnrin kan tí ó mọ ètò ilé iṣẹ́, Lorraine Williams, kí ó wá bá a tún ilé ṣe. Kí ọdún náà tó parí, Williams ti ra ìpín àwọn Blume, agbára sì ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Gygax lọ sí kóòtù, kóòtù dá a lẹ́bi. Nígbà tí ó di 1986, ẹni tí ó dá ilé sílẹ̀ ti jáde kúrò nínú rẹ̀.

Kí a má purọ́ mọ́ obìnrin náà. Ilé tí ń jó ni ó bá, ó sì gbé e dúró ju ọdún mẹ́wàá lọ. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé. Ìwé ìtàn tí ilé iṣẹ́ náà tẹ̀ láyé rẹ̀, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó kà á. Bí ẹnikẹ́ni bá ní oníṣòwò kò wúlò, kí ó rántí èyí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe eléré, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà kò ní etí láti fi gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ. Wọ́n ń tẹ oríṣiríṣi ayé ìtàn jáde, ọ̀kan kò tíì tà tán, òmíràn ti dé, àwọn oníbàárà sì pín sí yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Àwọn tí ń bá wọn kó ìwé lọ sí ṣọ́ọ̀bù a máa sanwó fún wọn bí ọjà bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn, kí ọjà ọ̀hún tó tà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà, ẹ mọ ibi tí èyí ń lọ. Bí owó bá wọ́n, wọ́n a tún tẹ òmíràn láti fi rí owó gbà. Nígbà tí ìwé tí kò tà wá ń padà bọ̀, owó tí wọ́n ti ná ni wọ́n ní kí wọ́n san padà. Ní òpin 1996, gbèsè ti mu ilé náà dé ọrùn, ìwé kò jáde lẹ́nu ẹ̀rọ mọ́, òṣìṣẹ́ bíi ọgbọ̀n ni wọ́n sì lé nínú oṣù December, nígbà tí ọmọ ń retí aṣọ ọdún. Ryan Dancey, ọ̀kan nínú àwọn tí ó lọ yẹ ìwé ilé iṣẹ́ náà wò kí a tó rà á, kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun kò rí ìwé kankan tí ó fi hàn pé wọ́n bi oníbàárà léèrè ohun tí ó fẹ́.

Ní 1997, kọ́ńpìnnì mìíràn, Wizards of the Coast, rà wọ́n. Olórí rẹ̀, Peter Adkison, eléré ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Boeing tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Eré káàdì tí Richard Garfield ṣe fún wọn ní 1993, Magic: The Gathering, ni ó sọ wọ́n di olówó. Inú gbogbo eléré dùn pé ọmọ wa ni ó ra ilé wa. Adkison sì ṣe dáadáa, ó san gbèsè tí a jẹ àwọn òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ilé iṣẹ́ Lake Geneva pa, wọ́n kó iṣẹ́ lọ sí ìpínlẹ̀ Washington, ní apá kejì Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó lè kó ẹrù rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, ó lọ. Ẹni tí kò lè lọ, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ní 1999, Wizards fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Hasbro, kọ́ńpìnnì ńlá tí ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ní iye tí ó tó 325 mílíọ̀nù dọ́là.

AKÁÚŃTÁǸTÌ TÍ Ó ṢE É RE

Bí mo bá dúró níbí, ẹ óò sọ pé oníṣòwò ni ọ̀tá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1975, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Ian Livingstone, Steve Jackson àti John Peake, dá Games Workshop sílẹ̀ ní London. Pákó eré ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Ilé náà dàgbà, ó yí ọwọ́ padà, ó wá fìdí kalẹ̀ sí Nottingham, níbi tí fákitírì rẹ̀ wà tí wọ́n ti ń ṣe ọmọ ogun oníke. Láti ọjọ́ kìíní 2015, Kevin Rountree ni olórí rẹ̀. Akáúńtáǹtì ni, ìdí ìwé ìṣirò owó ni ó ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1998.

Ní ọdún 2015 náà, wọ́n pa eré ogun àtijọ́ kan tì, wọ́n gbé Age of Sigmar jáde dípò rẹ̀. Wọn kò fi òǹkà tí ó ń jẹ́ kí ọmọ ogun apá méjèèjì dọ́gba sínú rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ta ayò láì ka ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin sójú ọpọ́n. Àwọn oníbàárà bínú. Kí ni akáúńtáǹtì yìí ṣe? Kò ní òun ni ọ̀gá. Ní 2016, wọ́n tẹ ìwé mìíràn jáde tí òǹkà náà wà nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì padà. Wọn kò kó fákitírì náà lọ sí ilẹ̀ tí owó iṣẹ́ ti pọ́ọ́kú. Nínú December 2024, kọ́ńpìnnì náà wọ inú 100 tí ó tóbi jùlọ ní ọjà ìpín London. Ní 2025, wọ́n pín 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn owó fún àwọn òṣìṣẹ́ nínú èrè ọdún, ọgbọọgba: iye tí ẹni tí ń di páálí gbà, òun náà ni ẹni tí ó wà ní ọ́fíìsì gbà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Akáúńtáǹtì ni ó ṣe é, kì í ṣe ọ̀jẹ̀ eléré. Ó jẹ́ kí ẹni tí ó mọ eré máa ṣe eré, òun ń ṣọ́ àpò.

ELÉRÉ TÍ Ó DI Ọ̀GÁ ŃLÁ

Ní ìdà kejì, ẹ wo Hasbro. Láti February 2022, Chris Cocks ni olórí rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti ṣe olórí Wizards rí, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé láti kékeré ni òun ti ń ṣe àwọn eré wọ̀nyí. Ọmọ wa ti dórí àga! Nínú January 2023, aráyé gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yí ìwé àdéhùn tí ó jẹ́ kí àwọn kéékèèké máa fi Dungeons & Dragons ṣe òwò tiwọn padà, kí àwọn náà máa san ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn eléré fi igbe ta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀wé, kí oṣù náà tó parí wọ́n ti sọ pé àwọn kò ṣe é mọ́. Nínú December ọdún náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí Kérésìmesì, wọ́n kéde pé nǹkan bí 1,100 òṣìṣẹ́ yóò tún lọ, lẹ́yìn àwọn tí ó ti lọ ṣáájú. Àwọn òṣìṣẹ́ Wizards wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ Wizards ni ó ń mú owó wọlé fún ilé náà. Ìfẹ́ eré tí ó wà lọ́kàn ọ̀gá kò gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni là.

Kí ló fà á? Ẹni tí ó bá jókòó sórí àga ọ̀gá, àwọn tí wọ́n ni ìpín ni ó ń jíṣẹ́ fún. Ohùn wọn ni ó ń dún létí rẹ̀ jù lọ. Ohùn tiwa, bí a kò bá pa á pọ̀ kí ó dún sókè, kò ní dé ibẹ̀.

ÀWỌN TÍ WỌ́N RÍ ỌGBỌ́N DÁ

Àpẹẹrẹ tí mo fi pamọ́ fún ìgbẹ̀yìn ni ti Paizo, ní ìpínlẹ̀ Washington kan náà. Lisa Stevens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní 2002, eléré ni wọ́n látòkè délẹ̀. Bí eléré bá tó láti dáàbò bo òṣìṣẹ́, ibẹ̀ ni ó yẹ kí á ti rí i. Ṣùgbọ́n nínú October 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kéde pé àwọn ti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Owó oṣù wọn kò tó wọn gbé ìlú olówó gọbọi bẹ́ẹ̀, àwọn nǹkan kan sì ń lọ níbi iṣẹ́ tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n so mọ́ ẹgbẹ́ ńlá àwọn òṣìṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Àwọn òǹkọ̀wé tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé náà gan-an, tí wọ́n kàn ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti gbé kálàmù sílẹ̀ pé àwọn kò kọ ọ̀rọ̀ kan mọ́, wọ́n sì ní bí wọn kò bá gba ẹgbẹ́ náà wọlé, iṣẹ́ kò ní yá. Ọ̀sẹ̀ kan péré, kọ́ńpìnnì gbà wọ́n. Wọn kò ju òkò, wọn kò fọ́ gíláàsì. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ àyà.

KÍ NI KÍ ÀWA ṢE?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi mí pé, "Bàbá, ẹ dá wa lóhùn. Eléré ni, àbí oníṣòwò?" Ìdáhùn mi nìyí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí mo bá ní kí n yàn, n óò yan ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà tí ó sì gbà kí ẹni tí ó mọ owó jókòó tì í; tàbí ẹni tí ó mọ owó, tí kò tijú láti bi oníṣẹ́ léèrè. Ẹni tí kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè, ì báà ṣe awakọ̀, ì báà ṣe akáúńtáǹtì, òfò ni.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé a kì í fi ìbò yan ọ̀gá wa. Àwọn tí wọ́n ni ilé ni ó ń yàn án. Nítorí náà, dípò kí á máa gbàdúrà fún ọ̀gá rere, ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí á máa béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tí ó bá dé, ẹnikẹ́ni tí ó lè jẹ́.

Èkíní, kí ó máa wá síbi iṣẹ́, kí ó rí ẹ̀rọ, kí ó rí mọ́tò, kí ó gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ń lò ó.

Èkejì, kí ó fi ìwé owó han àwọn aṣojú wa kí gbèsè tó kún ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ TSR kò mọ̀ títí ìwé gbélé-ẹ fi dé ọwọ́ wọn.

Ẹ̀kẹta, bí èrè bá wà, kí a fi tiwa sínú rẹ̀. Nottingham ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Ẹ̀kẹrin, kí ó má yí ètò iṣẹ́ padà tàbí kí ó kó iṣẹ́ lọ síbòmíràn láì kọ́kọ́ pe ẹgbẹ́ jókòó.

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọ̀gá yóò fi fún wa nítorí pé ó ti wa mọ́tò rí. Inú àdéhùn tí a bá fọwọ́ sí ni yóò ti jáde, ẹgbẹ́ tí ó dúró ṣinṣin nìkan ni ó sì lè jókòó kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọjọ́ tí ọmọ ibi iṣẹ́ wa bá di máníjà ni a óò dẹ́kun owó ẹgbẹ́ dídá, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ san án ṣáájú. Bí ọ̀gá bá burú, ẹ óò nílò ẹgbẹ́ láti fi bá a jà. Bí ó bá dára, òun náà yóò nílò ẹgbẹ́ tí ó lágbára lẹ́yìn rẹ̀, kí ó lè sọ fún àwọn tí wọ́n rán an níṣẹ́ pé, "Ohun tí ẹ ní kí n ṣe yìí, àwọn òṣìṣẹ́ kò ní gbà."

 Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó nawọ́ sókè. Kí ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì san owó oṣù yìí sì yà lọ́dọ̀ akápò kí ó tó jáde.